Fáàfù Tí Ìyá Àgbà Ò Jẹ́ Kí Wọ́n Tì

Láàárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì tó kọjá, Ràfíù púlọ́ńbà wá sílé mi ní Àdìgbẹ láti pààrọ̀ fáàfù ẹ̀yìn ilé, èyí tí a fi ń ti omi nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ilé. Mo ti ní kí n jókòó jẹ́ẹ́ sí fàráńdà mi, kí n máa já ẹ̀fọ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tó ki sípánà ńlá mọ́ páìpù onírin náà lọ́rùn, tó sì fi gbogbo ara fà á, irin náà han gooro, òórùn omi tó ti pẹ́ nínú irin sì fẹ́ wá bá mi níbi tí mo wà. Òórùn ìpẹtà ni, ẹni tó bá ti fi ahọ́n kan ìṣó rí á mọ̀ ọ́n. N ò mọ ìgbà tí mo dìde. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi ló wá bá mi nínú oòrùn.

"Màmá, kí lẹ ń wò níbí? Oòrùn yìí mú o!"

Mo ní kó gbé àga wá fún wa, kó wá jókòó, torí pé ohun tí mo ń wò ò sí ní Àdìgbẹ rárá. Ìgbẹ̀ìn ló wà, nígbà tí mo ṣì ń sá kiri láìwọ bàtà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìgbẹ̀ìn lónìí, ẹ má bínú, ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n. Nígbà tiwa, ńṣe làwọn ilé ń gun ara wọn lórí àpáta, páànù orí wọn ti dípẹtà, ó pọ́n ròrò. Tó o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, òrùlé ará ìsàlẹ̀ lo máa kọ́kọ́ rí, wàá sì mọ ẹni tó sá ata àti ẹni tó gbàgbé aṣọ síta. Ilé Alábọ́ ni wọ́n ń pe ilé wa. Bàbá Àgbà, ìyẹn bàbá tó bí bàbá mi, abọ́ onítánganran ló ń tà, àwọn abọ́ olódòdó tí ìyàwó máa ń kó lọ sílé ọkọ nígbà náà. Ó ti kú kí n tó gbọ́njú. Bàbá mi ló gba òwò náà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo àwa ọmọ ilé la sì mọ bí wọ́n ṣe ń to abọ́ sínú abọ́ láìjẹ́ kí tánganran rẹ̀ ta. Ẹni tí tiẹ̀ bá ta, ó di dandan kó jẹ ìkó.

Àpáta tí mo ń wí yìí ló sọ omi di ọ̀wọ́n. Ta ni yóò gbẹ́ kànga nínú òkúta? Àwọn tó dán an wò, dígà ló kán mọ́ wọn lọ́wọ́. Tí ọyẹ́ bá ti dé, àwọn obìnrin á sọ̀kalẹ̀ lọ pọnmi lódò, wọ́n á tún gun òkè padà tòun ti ìkòkò lórí. Ẹlòmíì á yọ̀ lórí àpáta, ìkòkò á fọ́, á jókòó síbẹ̀ máa sunkún bí ọmọdé. Wọ́n ní Ìyá Àgbà, ìyàwó Bàbá Àgbà, náà ṣubú bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, orúnkún rẹ̀ ò sì dá ṣáká mọ́ látọjọ́ náà. Inú Bàbá Àgbà bàjẹ́ gidigidi. Nígbà tí omi ìjọba dé títì ìsàlẹ̀, ó ní kí wọ́n fa páìpù wá sílé òun, àmọ́ kò fi ẹnu ẹ̀rọ sínú àgbàlá bí àwọn ọlọ́rọ̀ ṣe ń ṣe. Ìta ló fi í sí, lára ògiri tó kọjú sọ́nà. Ó ní sàráà ni, kí gbogbo ayé máa pọn ún. Omi náà ò tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn tí ọlọ́jọ́ fi dé bá a.

Àlùfáà tó wá ṣe àdúà fún òkú ló sọ fún Ìyá Àgbà pé, "Ẹ dákẹ́ ẹkún, Ìyá. Níwọ̀n ìgbà tí omi yìí bá ṣì ń ṣàn, láádá rẹ̀ ń tẹ Bàbá lọ́wọ́ níbi tí wọ́n wà." Ó fẹ́ tu opó nínú ni. Ìyá Àgbà gba ọ̀rọ̀ náà tọwọ́tẹsẹ̀, bó ṣe jáde lẹ́nu àlùfáà gẹ́lẹ́.

Nísàlẹ̀ ògiri, lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ náà, fáàfù kan wà níbẹ̀, ó ní ọwọ́ rìbìtì tí wọ́n fi ń yí i. Ẹnu ẹ̀rọ òkè, ẹni tó bá pọnmi tán á tì í, kí omi má baà ṣòfò. Ìyẹn ò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n fáàfù ìsàlẹ̀ yẹn, tí wọ́n bá yí i pa, kò sómi fún ẹnikẹ́ni mọ́ nìyẹn. Ìyá Àgbà fòfin dè é. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yí i, ì báà jẹ́ kékeré, ì báà jẹ́ àgbà. Ó tiẹ̀ ya àkísà àdìrẹ kan, ó wé e mọ́ ọn lórí kí ọwọ́ ọmọdé má baà dé ibẹ̀, ó wá dà bí arúgbó tó wé gèlè tó lóṣòó ti ògiri. Bá a bá ń lọ síléèwé, a ó kí i: "Ẹ káàárọ̀ o, mà." Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan tó ya pòkíì tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lọ́jọ́ kan. Àṣé Ìyá Àgbà ń wò ó látojú fèrèsé! A rò pé pàṣán ló kàn, ṣùgbọ́n ńṣe ni màmá rẹ́rìn-ín títí tó fi etí gèlè nu ojú.

Àárọ̀ kùtù lẹ máa ń gbọ́ ìró àwọn tó ń ṣe àlùwàlá níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì á fọ ekuru ẹsẹ̀ wọn níbẹ̀ kí wọ́n tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà tí wọ́n gbé lọ́wọ́. Ìyá Bíọ́dún, tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tiwa gan-an, omi náà ló fi ń rẹ ẹ̀gẹ́ tó fi ń ṣe láfún tà. Opó lòun náà. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Bíọ́dún, lọ̀rẹ́ mi. Ẹni tó bá ń wá ọ̀kan nínú wa, kó yáa máa wá àwa méjèèjì.

Ọyẹ́ ọdún kan ni àkísà orí fáàfù bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. A kọ́kọ́ rò pé ìrì ni. Láìpẹ́, omi ń kán tó, tó, tó, nígbà tó sì yá, ó di pé ó ń ṣàn gẹ́ẹ́rẹ́gẹ́ láti ọrùn fáàfù náà, ó ń gba ẹsẹ̀ ògiri wa sọ̀kalẹ̀. Bàbá mi ránṣẹ́ pe Bùrọ̀dá Tàfá, púlọ́ńbà adúgbò. Ọkùnrin gíga ni, kì í yára sọ̀rọ̀, bó bá sì máa sọ ọ́, á kọ́kọ́ nu ọwọ́. Ó tú gèlè arúgbó wa, ó di ọwọ́ rìbìtì náà mú, ó yí i. Kò mì. Ó da òróró sí i, ó tún yí i, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ gọngọ. Fáàfù ò dá a lóhùn.

Ó nu ọwọ́. "Ìgbà wo lẹ ti yí i gbẹ̀yìn?"

Bàbá mi wojú Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ní, "A ò yí i rí."

"Háà, Ìyá! Ohun tó pa á nìyẹn. Irin tí wọn ò bá ń yí, inú ara ẹ̀ ló ti ń gan. Kò ṣeé tì mọ́, kò sì ṣeé tún ṣe. Pípààrọ̀ ló kù. Wọ́n á bá wa ti omi látojú títì, kí n lè tú u."

"Wọ́n á ti kí ni?"

"Omi ni, mà. Bóyá látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́."

Ìyá Àgbà ò bá a jiyàn. Ó wọlé, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ jáde, ó sì jókòó ti fáàfù náà pa. Ta ló bí ẹ tó o máa gbé e kúrò níbẹ̀? Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní omi ń ṣòfò, Ìyá Àgbà ní kò sí omi tó ń ṣòfò, pé ewúrẹ́ ń mu níbẹ̀, ẹyẹ ń mu níbẹ̀, sàráà náà ni. Tàfá padà wá, ó tún padà lọ. Ó wá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá mi gbóhùn sókè díẹ̀. Ìyá Àgbà gbójú sókè, mo sì rí omi lójú rẹ̀. N ò rí ẹkún rẹ̀ rí. Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí òùngbẹ máa gbẹ ẹ́ níbi tó wà ni? Èmi tó ṣe é fún, èmi náà ni kí n tì í mọ́ ọn?" Bàbá mi rọra kúrò níbẹ̀. Èmi lọ fara mọ́ ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀mù, mo sunkún tèmi náà, bí ò tilẹ̀ yé mi tán.

Ohun kan wà tí bàbá mi ò lè sọ fún ìyá rẹ̀. Omi náà, bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ ògiri Ìyá Bíọ́dún ló ń dúró sí, amọ̀ ni wọ́n sì fi mọ ilé náà látòkè délẹ̀. Àwa ọmọdé ti rí i: Ìyá Bíọ́dún ń kó òkúta àti yanrìn síbẹ̀ ní ìdákọ́ńkọ́, ó sì kìlọ̀ fún wa pé ẹni tó bá sọ, òun á fà á létí. Ẹ̀rù ń ba bàbá mi pé tí ìyá rẹ̀ bá gbọ́ pé sàráà ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ wólé opó, ọkàn rẹ̀ á bàjẹ́ kọjá ààlà. Ni gbogbo wa bá dákẹ́.

Ìyá Bíọ́dún fúnra rẹ̀ ló tú àṣírí, ìfẹ́ ló sì tú u. Wọ́n ti sọ fún un lọ́jà pé nítorí ògiri rẹ̀ ni ilé Alábọ́ ṣe fẹ́ ti omi. Ó gun òkè wá, ìyẹ̀fun láfún ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú àpótí Ìyá Àgbà.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ti omi Bàbá nítorí tèmi. Ògiri lásán ni. Amọ̀ la fi mọ ọ́, amọ̀ la ó fi tún un mọ."

"Ògiri wo?" ni Ìyá Àgbà wí.

Ó wo ojú bàbá mi, ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì dìde. Tòun ti orúnkún yẹn, ó fi ọwọ́ mú èjìká mi, a sọ̀kalẹ̀ lọ. Ògiri yàrá Ìyá Bíọ́dún ti rin gbingbin, ó ti wú síta. Wọ́n ti fa ẹní tí Bíọ́dún ń sùn lé kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé e sáàárín ilé. Ìyá Àgbà fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri náà, amọ̀ bá ọwọ́ rẹ̀ bọ̀.

"Àárọ̀ ò ní mọ́ kó o má wá kí mi. O ò wí?"

Ìyá Bíọ́dún ní, "Ìyá, omi tí mò ń mu ni mo fẹ́ máa fẹjọ́ rẹ̀ sùn?"

Ìyá Àgbà dúró síbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. A gun òkè padà délé. Ẹnu ọ̀nà ló ti sọ fún bàbá mi pé, "Ẹ pe Tàfá wá lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹni kan ò gbọdọ̀ wá pọnmi níbí kó padà lófìfo. Tí ẹnì kan bá padà lófìfo, ẹ̀yin lẹ máa jíhìn fún Bàbá yín."

Ẹ wá wo iṣẹ́! Ní ìrọ̀lẹ́ náà, gbogbo ilé ló dìde. A pọn dúrọ́ọ̀mù kún, a pọn ìkòkò kún, a pọn ọpọ́n ìfọṣọ kún. Ìyá Àgbà ní kò tíì tó. Ni bàbá mi bá ṣí ìsọ̀, ó ní ká máa kó abọ́ jáde. Abọ́ títà o, èyí tí wọn kì í jẹ́ ká mí sí! A tò wọ́n sórí àpáta láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí ilẹ̀ ti da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ńlá àti kékeré, a pọnmi kún gbogbo wọn, a fi ìdérí dé wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí a ṣí wọn, oòrùn tàn sínú omi, òdòdó pupa àti òdòdó aláwọ̀ ewé ń mì nísàlẹ̀ abọ́. Títí dòní, n ò tíì rí ohun tó dùn ún wò tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá Àgbà gbé àpótí rẹ̀ sáàárín àwọn abọ́, ó mú igbá kékeré kan lọ́wọ́, ó ń bu omi fún gbogbo ẹni tó dé, ó sì ń ṣàdúà fún wọn. Àwọn kan tí òùngbẹ ò gbẹ rárá wá mu, kí ọwọ́ màmá má baà dilẹ̀.

Tàfá ń ṣe tiẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Ó fi sípánà kan di páìpù mú kó má baà lọ́ nínú ògiri, ó fi èkejì gbá fáàfù lọ́rùn mú. Kò gbọ́. Ó wé àkísà tó tutù fún kẹrosíìnì mọ́ ọn, ó ṣáná sí i, irin náà gbóná, ó tún fà á, ó wá han bí ẹran tí wọ́n mú so, ó sì tú. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ eyín tí wọ́n gé sẹ́nu páìpù náà títí wọ́n fi dán. Lẹ́yìn náà, ó kun ọ̀dà sí i, ó wá ń wé òwú lé eyín náà lórí. Ó ní ibi tí fáàfù bá máa yí sí ni kéèyàn wé òwú sí; tó o bá wé e lódìkejì, bó o ṣe ń yí i wọlé ni òwú á máa tú, omi á sì máa jò ọ́ lẹ́sẹ̀. Nígbà tó dì í tán, wọ́n ṣí omi látojú títì. Ẹnu ẹ̀rọ wúkọ́, ó pọ atẹ́gùn, ó pọ omi pupa, lẹ́yìn náà ni omi funfun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Gbogbo àdúgbò hó yèè. Ọrùn fáàfù tuntun gbẹ táútáú.

Ìyá Àgbà dúró tì í. "Tàfá, èyí náà ò ní gan?"

Tàfá nu ọwọ́, ó tún nu ọwọ́. "Ìyá, tẹ́ ò bá yí i, á gan. Ẹ máa tì í lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì ṣí i padà lójú ẹsẹ̀."

"Kí n máa fọwọ́ ara mi tì í?"

"Kẹ́ ẹ sì fọwọ́ ara yín ṣí i, mà. Kò sóhun tó ní kẹ́ ẹ má tún àníyàn sàráà náà ṣe nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣí i."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí àwọn èèyàn ti mọ́ṣáláṣí dé, Ìyá Àgbà pè mí kí n wá di òun lọ́wọ́ mú. Ó lóṣòó, ó di ọwọ́ rìbìtì náà mú, ó ní Bísímílà, ó yí i títí omi fi dá. Gbogbo ibẹ̀ wá dákẹ́ lọ́nà tí mi ò gbọ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Lẹ́yìn náà ló yí i padà, omi tún ṣàn, ó sì wí pẹ̀lẹ́ pé, "Ràímì, omi rẹ rèé o."

Orúkọ ọkọ rẹ̀ ló pè yẹn. Ẹ̀yin ọmọ òde òní tẹ́ ẹ máa ń pe ọkọ yín lórúkọ láti ilé ìdáná, kò lè yé yín. Nílé wa, ìyàwó tó pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, wọ́n á ní ayé ti bàjẹ́. "Bàbá wọn" ló máa ń pè é títí di ọjọ́ náà, láyé àti lẹ́yìn ikú. Látìgbà náà, gbogbo Jímọ̀ ló ń pe Ràímì nídìí ẹ̀rọ, èmi nìkan ló sì ń gbọ́ ọ.

Nǹkan ti yí padà, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Téèpù funfun ni Ràfíù wé mọ́ ẹnu páìpù mi, kò wá òwú, kò wá ọ̀dà. Omi ìjọba ti di ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo ilé ní Àdìgbẹ ló ní bọ́ọ̀hólù àti táńkì tiẹ̀ lẹ́yìn ògiri gíga, ojú sì ń ti èèyàn láti bu omi mímu nílé ẹlòmíì. Ẹni tí òùngbẹ bá gbẹ lójú ọ̀nà, píọ́ wọ́tà ló ń rà. N ò bá ẹnikẹ́ni jà. Èmi náà ń mu ún. Bíọ́dún ọ̀rẹ́ mi ti lọ, ó kú sílé ọkọ ní Òṣíẹ̀lẹ̀, mo sì ń ṣàárò rẹ̀ tí mo bá gbọ́ òórùn láfún.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ọmọ ọmọ mi gbọ́ èyí tó kù. Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà kú, ọ̀sẹ̀ náà kò sómi rárá. Páìpù ńlá kan bẹ́ lójú títì, gbogbo ẹ̀rọ Ìgbẹ̀ìn ló gbẹ, tiwa náà gbẹ. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Ìmáàmù ti ń bọ̀, bàbá mi sì dúró láàárín ilé, ó ń yẹ dúrọ́ọ̀mù wò, kò sí omi tí a ó fi wẹ ìyá rẹ̀. Kò tíì mọ ẹni tó máa rán níṣẹ́ tí a gbọ́ ohùn níta. Ìyá Bíọ́dún ló ṣáájú, garawa kan wà lórí rẹ̀. Odò ló ti pọn ọ́n, ó gba orí àpáta wá. Àwọn obìnrin tó tẹ̀ lé e pọ̀, Mùsùlùmí àti ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tí mo mọ̀ àti ẹni tí n ò mọ̀, ẹnì kan ń gbé ìkòkò, ẹlòmíì kẹ́ẹ̀gì, arúgbó kan gbé kẹ́tù kékeré. Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Omi náà pọ̀ ju ohun tí a fi wẹ Ìyá Àgbà lọ. Èyí tó kù, Ìyá Bíọ́dún ò jẹ́ ká dà á nù. Ó ní ká gbé e síta, sẹ́bàá ògiri. Òun ni àwọn tó wá kírun sí Ìyá Àgbà lára fi ṣe àlùwàlá.